Òtútù Kò Dá Pa Ènìyàn: Ìtàn Ojú Ọjọ́ àti Àrùn ní Àwọn Ilẹ̀ Àríwá

Ní ilẹ̀ wa, bí ọmọ bá dúró pẹ́ nínú òjò, ìyá rẹ̀ a ké sí i pé kí ó wọlé, kí òtútù má baà mú un. Bí àyà bá ń dun ènìyàn, tí ó ń húkọ́, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, orúkọ tí a fún àrùn náà ni òtútù àyà. Láti inú èdè wa ni a ti ń kọ́ ọmọdé pé òtútù ni baba àrùn. Kì í ṣe àwa nìkan ni ó rò bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe òtútù àti ọ̀fìnkìn. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ilẹ̀ tí òtútù rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní ayé ni òtútù gbọ́dọ̀ máa pa ènìyàn jù lọ. Ìtàn kò wí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìtàn wí ni a fẹ́ gbé ka iwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé.

Ó yẹ kí ẹni tí kò dé ilẹ̀ àríwá rí kọ́kọ́ mọ bí ìgbà òtútù wọn ti rí. Ọyẹ́ tiwa a máa fẹ́ fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, oòrùn ọ̀sán a sì lé e lọ. Ní ilẹ̀ bí Fínláǹdì àti Rọ́ṣíà, òtútù a máa dúró fún oṣù márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odò a dì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹṣin àti ẹrù rẹ̀ lè gba orí rẹ̀ kọjá. Òjò dídì a bo oko mọ́lẹ̀. Oòrùn a yọ fún wákàtí díẹ̀ péré, àwọn ibì kan sì wà ní ìpẹ̀kun àríwá tí kì í ti í yọ rárá fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ìwọ̀n tí a ń pè ní ti Celsius fi òdo sí ibi tí omi ti ń dì. Òtútù tí ó bá ju èyí lọ ni a ń kà sí ìsàlẹ̀ òdo.

Báwo ni a ṣe mọ iye ènìyàn tí ó ń kú nígbà òtútù? Àwọn àlùfáà ìjọ ni a ó kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1749, ìjọba Súwídìn, tí Fínláǹdì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, pàṣẹ pé kí àlùfáà ìjọ kọ̀ọ̀kan máa ka iye ẹni tí a bí àti iye ẹni tí ó kú, kí ó sì fi ránṣẹ́. Ní ọdún 1837 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ gbogbo òkú sínú ìwé ìjọba. William Farr, oníṣègùn tí ó fẹ́ràn ìṣirò, ṣe iṣẹ́ náà fún nǹkan bí 40 ọdún. Ó kíyèsí i pé bí ọ̀sẹ̀ kan bá tutù púpọ̀, ikú àwọn arúgbó a máa pọ̀ sí i. Nítorí náà, kò sí iyè méjì pé òtútù àti ikú a máa rìn pọ̀. Ìbéèrè wa ni pé: ta ni ẹnìkẹta tí ó ń bá wọn rìn?

Ẹ jẹ́ kí a mú ti ogun Napoleon, ọba Faransé, ṣe ẹ̀rí kìíní. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó wí pé òtútù Rọ́ṣíà ni ó pa ọmọ-ogun rẹ̀ run ní ọdún 1812. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pé. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, nígbà tí oòrùn ń ràn, ni ó kó ènìyàn tí ó ju 400,000 lọ gba odò Niemen kọjá. Kí òjò dídì kan tó bọ́, àrùn ti ń pa wọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìgbẹ́ ọ̀rìn ń pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni ibà burúkú kan tí a ń pè ní táífọ́ọ̀sì. Ibà yìí yàtọ̀ sí táífọ́ọ̀dù tí omi ẹlẹ́gbin ń fà. Iná, kòkòrò tí ń gbé inú aṣọ tí ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ni ó ń gbé e kiri. Ní ọdún 1909 ni Charles Nicolle, dókítà ará Faransé, fi èyí hàn ní ìlú Tunis.

Nígbà tí òtútù dé bá àwọn ọmọ-ogun náà, ó bá àrùn nílé, ó sì ràn án lọ́wọ́. Ta ni yóò bọ́ aṣọ fọ̀ nígbà tí omi ti dì? Ta ni kò ní fara mọ́ ẹnìkejì rẹ̀ lóru kí ara rẹ̀ lè móoru? Àwọn baba wa wí pé bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná. Ní ọdún 2001 a ṣàwárí ibojì ńlá kan ní ìlú Vilnius, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kú sí ní ìpadàbọ̀ wọn. Ní ọdún 2006 àwọn onímọ̀ ròyìn pé àwọn rí àmì táífọ́ọ̀sì nínú eyín àwọn kan lára òkú náà.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ogun ni ó fa èyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Fínláǹdì, ilẹ̀ tí kò sí ogun nínú rẹ̀ nígbà tí ìyọnu rẹ̀ dé. Abẹ́ ọba Rọ́ṣíà ni ó wà nígbà náà, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sì tó 2,000,000. Ní ìgbà ìkórè ọdún 1866 òjò rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ọkà sì bàjẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ń retí kí ọdún 1867 tù wọ́n nínú, ṣùgbọ́n ìgbà ìrúwé kò dé ní àkókò rẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún òjò dídì ṣì wà lórí ilẹ̀. Ní ibòmíràn oṣù kẹfà dé kí yìnyín tó yọ́ kúrò lórí adágún. Wọ́n gbin ọkà nígbà tí ó ti pẹ́ jù. Ọkà náà ń gbìyànjú láti gbó, àfi bí ìrì dídì ti bọ́ lóru ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, tí ó sì pa á lórí ìdúró.

Ebi wọ ilé. Wọ́n ń bó èèpo inú igi ahóyaya, wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ ìyẹ̀fun díẹ̀ láti fi ṣe búrẹ́dì. Johan Vilhelm Snellman, tí ìṣúra ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ́kọ́ lọ́ra láti yá owó ní ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí wọ́n fi yá a tí wọ́n sì ra ọkà, ìgbà òtútù ti kù sí dẹ̀dẹ̀, omi dídì sì ń sé èbúté mọ́ àwọn ọkọ̀. Àwọn òtòṣì fi ilé sílẹ̀, bàbá, ìyá àti ọmọ, wọ́n ń ṣagbe láti ìjọ dé ìjọ nínú òjò dídì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹni tí ó bá ní àánú a ṣílẹ̀kùn fún wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì sùn mọ́ra wọn nínú yàrá kan tí iná àrò ń jó, pẹ̀lú aṣọ tí wọn kò bọ́ láti ọ̀sẹ̀ pípẹ́. Níbẹ̀ ni iná aṣọ ti ń ti ara alágbe bọ́ sí ara onílé. Táífọ́ọ̀sì tàn kálẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti àwọn àrùn mìíràn tẹ̀lé e. Ìjọba kó àwọn aláìní jọ láti la ọ̀nà rélùwéè láti Riihimäki lọ sí St. Petersburg, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1870. Nínú àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà, tí wọ́n há mọ́ra wọn, àrùn pa ọ̀pọ̀.

Kí olùkọ́ fi ọwọ́ sí ibí yìí fún àwọn ọmọ: kì í ṣe nínú oṣù tí òtútù le jù lọ ni ikú pọ̀ jù lọ. Ìwé ìjọ fi hàn pé nígbà ìrúwé ọdún 1868, nígbà tí oòrùn ti ń padà bọ̀, ni wọ́n sin òkú jù lọ. Nǹkan bí 150,000 ènìyàn ni ó kú nínú ìyọnu náà, tí ó tó ẹni mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí ebi nìkan pa kéré. Àrùn ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù lọ. Òtútù ba oko jẹ́, ó sé èbúté, ó lé ènìyàn sójú ọ̀nà, ó sì kó wọn jọ sínú yàrá kan. Àwọn yòókù ni ó parí iṣẹ́ náà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, èéfín ni ó bá òtútù rìn. Láti ọjọ́ 5 títí di ọjọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1952, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. Afẹ́fẹ́ tútù dúró sí ìsàlẹ̀, èyí tí ó móoru bò ó lórí bí ọmọrí ti ń bo ìkòkò. Nítorí òtútù, gbogbo ilé ń fi èédú dáná, èéfín kò sì rí ọ̀nà jáde. Kùrukùru náà ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìṣirò ìgbà náà wí pé nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni ó kú. Ìṣirò tí a ṣe lẹ́yìn náà gbé e dé nǹkan bí 12,000. Àwọn arúgbó, ìkókó, àti ẹni tí àyà rẹ̀ kò le ni ó kú jù lọ. Ní ọdún 1956 ìjọba ṣe òfin tí ó dín èéfín ilé àti ti ilé-iṣẹ́ kù. Òtútù kò gbọ́ òfin, ṣùgbọ́n èéfín gbọ́.

A kò wí pé òtútù kò ní agbára tirẹ̀. Bí ó bá mú awọ ara, òpó ẹ̀jẹ̀ a súnkì, ẹ̀jẹ̀ a ki, ọkàn arúgbó a sì ṣe làálàá. Ní ti ọ̀fìnkìn líle tí a ń pè ní influenza, ní ọdún 2007 àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹranko kékeré kan tí ó jọ òkété tí kò ní ìrù dán an wò. Wọ́n rí i pé nínú afẹ́fẹ́ tí ó tutù tí ó sì gbẹ, àrùn náà ń ràn láti ara ọ̀kan dé èkejì ju inú afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó lọ́rinrin lọ. Ẹni tí ọyẹ́ ti la ètè rẹ̀ rí yóò mọ ohun tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń ṣe sí imú àti ọ̀fun. Síbẹ̀ òtútù kò dá irú àrùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé influenza dé Èkó, níbi tí òjò dídì kì í bọ́, ó sì pa ọ̀pọ̀ níbẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí Fínláǹdì. Ní ọdún 1997 àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ilẹ̀ púpọ̀ ní Yúróòpù wéra. Ní Áténì, olú-ìlú Gíríìsì tí oòrùn rẹ̀ pọ̀, bí ojú ọjọ́ bá tutù ní ìwọ̀n kan sí ìsàlẹ̀ 18, ikú a pọ̀ sí i ní ìwọ̀n 2.15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní gúúsù Fínláǹdì, 0.27 péré ni. Kí ni ìdí rẹ̀? Nígbà tí ìta bá wà ní ìwọ̀n 7, yàrá àwọn ará Fínláǹdì a máa móoru tó 21.7, ti àwọn ará Áténì a sì jẹ́ 19.2. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó bá jáde, 72 ni ó ń dé fìlà ní Fínláǹdì, 13 ni ó ń dé e ní Áténì. Ní ọdún 1998 ìwádìí mìíràn jáde láti Yakutsk ní Síbéríà, níbi tí òtútù ti ń dé ìwọ̀n 48 sí ìsàlẹ̀ òdo. A rí i níbẹ̀ pé iye òkú kò pọ̀ sí i bí òtútù ti ń le sí i. Àwọn ará ibẹ̀ a máa wọ aṣọ lé aṣọ, wọ́n a fi ẹ̀wù onírun bò ó. Yàrá wọn a móoru ní ìwọ̀n 19. Bí ìta bá sì burú jù, ọ̀pọ̀ wọn a jókòó sílé.

Ilẹ̀ Fínláǹdì tí ó sin 150,000 òkú náà ni ilẹ̀ tí òtútù kò fi bẹ́ẹ̀ rí gbé ṣe lónìí. Odò rẹ̀ ṣì ń dì, òru rẹ̀ ṣì ń gùn. Ilé, aṣọ, oúnjẹ, omi mímọ́ àti ètò ìlú ni ó yí padà. Àwọn àgbà wa sọ ọ́ tán nígbà tí wọ́n wí pé bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni.

Èyí kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, tí àwọn mìíràn nínú wọn ń fi iná pamọ́ nínú yàrá tútù kí owó lè kù láti fi ránṣẹ́ sílé. Ó sì kan ẹni tí ó jókòó sílé pẹ̀lú. Bí àrùn bá pọ̀ ní ìgbà òjò tàbí ní ìgbà ọyẹ́, kí olùkọ́ má jẹ́ kí ọmọ dá ojú ọ̀run lẹ́bi kí ó sì dákẹ́. Kí ó bi í pé: ènìyàn mélòó ni ó ń sùn nínú yàrá náà? Omi wo ni wọ́n ń mu? Ibo ni èéfín ń gbà jáde? A kò lè yí ojú ọjọ́ padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa tó ìwọ̀nyí.