Ta Ni Ó Ni Omi? Ìtàn Ẹja Pípa àti Ìhùmọ̀ Eré Fídíò

Eré kì í ṣe ohun ìnàjú lásán. Nínú òfin eré ni àwọn ènìyàn máa ń tọ́jú èrò wọn nípa ayé sí. Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n tí a ń ta káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ihò méjìlá ni ọpọ́n ní, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a sì ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Ẹni tó bá kàn yóò kó ọmọ inú ihò kan, yóò sì máa fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ihò tó tẹ̀ lé e, bí àgbẹ̀ tí ń gbin irúgbìn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ Faransé fi ń pe irú eré yìí ní « jeux de semailles », eré ìfúnrúgbìn. Ẹni tí kò bá fi sílẹ̀ kò lè kó: òfin àgbẹ̀ ni, òfin ayò sì ni.

Ìbéèrè tí àwa fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: bí iṣẹ́ oko bá lè fara hàn nínú eré, iṣẹ́ ẹja pípa ńkọ́? Irú eré wo ni a lè hùmọ̀ láti inú ìtàn omi tiwa? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wà ní Bantè àti Savalou tí wọ́n ń fi fóònù ṣe eré ẹja pípa. Wọ́n mọ ọ̀pá ìpẹja, wọ́n mọ ẹja inú adágún omi Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè bí àwọn bàbá ńlá wọn ṣe ń pa ẹja nínú odò Zou tàbí Agbado, ẹnu wọn a wọhò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ará òkè ni wá, pé ọ̀rọ̀ ẹja kò kàn wá. Odò Agbado ń ṣàn sínú Zou, Zou ń ṣàn sínú Ouémé, Ouémé sì ń gbé omi náà lọ sínú ọ̀sà Nokoué kí ó tó dé òkun ní Cotonou. Omi tó kọjá lẹ́bàá oko wa ni ó ń dé abẹ́ ilé àwọn ará Ganvié.

Bí eré ẹja pípa ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ Activision ní Amẹ́ríkà gbé eré kan jáde fún ẹ̀rọ Atari 2600. Fishing Derby ni orúkọ rẹ̀, David Crane ni ó hùmọ̀ rẹ̀. Apẹja méjì jókòó kọjú sí ara wọn, ẹja sì tò ní ìlà mẹ́fà nísàlẹ̀ omi. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ó wúwo jù. Ẹja apanijẹ inú òkun tí a mọ̀ sí requin ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń já ẹja gbà lẹ́nu ìwọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó ẹja tí ìwọ̀n rẹ̀ pé pọ́ùn 99 ni ó borí.

Ní 1997, ilé-iṣẹ́ Sega ní Japan gbé Get Bass jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun ìdímú kan tó dà bí ọ̀pá ìpẹja, kí ènìyàn lè máa fà á nínú ilé rẹ̀. Ní 2001, Nintendo ti Japan bákan náà bẹ̀rẹ̀ eré tí ayé wá mọ̀ sí Animal Crossing: níbẹ̀, ẹja ìgbà òtútù yàtọ̀ sí ti ìgbà ooru, ti ọ̀sán sì yàtọ̀ sí ti òru. Ní 2023, àwọn ará New Zealand ṣe Dredge, níbi tí apẹja ti ń bẹ̀rù ohun tó wà nínú kùrukùru òru. Ní ọdún kan náà, àwọn ará Kòríà ṣe Dave the Diver, níbi tí ẹni kan ti ń wẹdò pa ẹja lọ́sàn-án tí ó sì ń tà á ní ilé oúnjẹ lálẹ́.

A kò sọ pé àwọn eré wọ̀nyí kò dára. Ọgbọ́n pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tó ń ṣe wọ́n kò ní ẹni tó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó ju ìwọ̀ sínú omi. Kò sí ẹni tó bi í pé ta ni ó ni omi. Ohun tó bá pa, tirẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ láti kékeré lè rò pé báyìí ni ẹja pípa ti rí ní gbogbo ayé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìtàn wí.

Omi tó ní olúwa, omi tó ní èèwọ̀

Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ouémé, àwọn ènìyàn a máa gbẹ́ kòtò gígùn tí wọ́n ń pè ní hwedo. Nígbà tí odò bá kún, ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, omi a bo pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹja a sì tẹ̀ lé omi. Nígbà tí omi bá fà, ẹja a há sínú kòtò. Àwọn tó ni kòtò kì í sáré kó o. Wọn a dúró títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kòtò, iṣẹ́ odò ni ẹja. Sùúrù ni ó so méjèèjì pọ̀.

Lórí Nokoué, àkájà ni wọ́n ń ṣe. Wọn a ri ẹ̀ka igi mọ́ ilẹ̀ omi, títí yóò fi dà bí igbó kékeré. Ohun jíjẹ ẹja a hù sára igi; èpìyà àti àwọn ẹja mìíràn a wá jẹun níbẹ̀, wọn a sá pamọ́, wọn a sì bí sí i. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọn a fi àwọ̀n yí i ká, wọn a yọ igi, wọn a kó ẹja. Apẹja ti di àgbẹ̀ omi nìyẹn. Ṣùgbọ́n àkájà ní ìṣòro tirẹ̀. Igi tí a ń rì sínú omi, inú igbó ni a ti gé e. Igi tó bá jẹrà a máa di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ a sì máa mú kí omi má jìn mọ́. Ibi tí ẹnì kan bá ri igi sí, ẹlòmíràn kò lè ju àwọ̀n rẹ̀ síbẹ̀. Láti inú èyí ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín alákàájà àti aláwọ̀n: ta ni ó ni omi?

Àwọn Tòfínù tó kọ́ Ganvié sórí omi kan náà kò lọ síbẹ̀ nítorí ẹja nìkan. Ogun àti ìkónilẹ́rú ni wọ́n sá fún. Bí ẹ̀ka igi ṣe ń dáàbò bo ẹja, bẹ́ẹ̀ ni òpó igi abẹ́ ilé ṣe dáàbò bo ènìyàn.

Lẹ́bàá ọ̀sà Ahémé, àwọn olórí ìsìn ni ó ń sọ ibi tí a kò gbọ́dọ̀ ju àwọ̀n sí àti ìgbà tí a kò gbọ́dọ̀ jù ú. Ní Òṣogbo, ìtàn sọ pé ẹja ńlá kan jáde láti inú odò Ọ̀ṣun wá bá ọba Láàróòyè, ọba sì tẹ́ ọwọ́ gbà á; láti ibẹ̀ ni oyè Àtáọ́ja ti wá, A-tẹ́wọ́-gba-ẹja. Títí di òní, èèwọ̀ ni ẹja pípa nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Àwa ará Savalou kò ní ṣàì mọ irú òfin bẹ́ẹ̀: ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ni a ń ṣe ọdún iṣu, ìṣe àtijọ́ sì ni pé a kì í jẹ iṣu tuntun kí a tó ṣe ètùtù rẹ̀. Òfin iṣu àti òfin ẹja, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Requin pàápàá ní ìtàn mìíràn lọ́dọ̀ wa. Nínú eré David Crane, olè lásán ni. Ní Abomey, ọba ni. Kondo ni orúkọ Béhanzin kí ó tó jẹ ọba ní 1890, requin sì ni àmì rẹ̀, nítorí pé ó búra láti dènà àwọn Faransé ní etí òkun. Ère rẹ̀, ọkùnrin tó ní orí requin, wà lára ohun 26 tí Faransé dá padà fún Bénin ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Síbẹ̀, a kò gbàgbé pé ogun Abomey jà dé ilẹ̀ Mahi àti ilẹ̀ Yorùbá kí Béhanzin tó jẹ ọba. Ẹni tó jẹ́ asà ní etí òkun, ìdílé rẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀rù ní orí òkè. Òtítọ́ méjèèjì ni ìtàn.

Ìhùmọ̀ mẹ́rin

Láti inú ohun tí a ti sọ yìí, ẹ jẹ́ kí a dábàá eré mẹ́rin.

Èkíní ni a pè ní Àkájà. Ènìyàn mẹ́rin yí ọ̀sà kan ká. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù lè ri igi mọ́ omi. Bí igi bá ṣe pọ̀ tó ni ẹja ṣe ń pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n igbó ẹ̀bá omi ń dín kù, ẹrẹ̀ sì ń ga sókè. Bí ọ̀sà bá kún fún ẹrẹ̀, gbogbo wọn ni ó pàdánù. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fẹnu kò.

Èkejì ni Ẹ̀ẹ̀rùn. Odò kékeré kan ní agbègbè Bantè ti gé sí adágún-adágún. Abúlé mẹ́ta ni ó wà lẹ́bàá rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe eré náà ni a fi ṣọ́ omi: òun ni yóò sọ ọjọ́ tí a ó ṣí adágún sílẹ̀. Bí ó bá tètè ṣí i, ẹja kéékèèké ni wọn yóò kó. Bí ó bá pẹ́ jù, omi yóò gbẹ. A kì í fi ìwọ̀n ẹja mọ ẹni tó borí. Iye ilé tó jẹun àti iye ẹja tó kù nígbà tí òjò bá padà ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta ni Àtáọ́ja, eré tí kò ní ìwọ̀, tí kò ní àwọ̀n. Ìlú kan ṣe àdéhùn pẹ̀lú odò. Àwọn àlejò ń wọlé, ìyàn ń mú, ọ̀nà láti da àdéhùn náà pọ̀. Bí ìlú bá pa á mọ́, ẹja yóò yọ fúnra rẹ̀, ẹni tó ń ṣeré yóò sì tẹ́wọ́.

Ẹ̀kẹrin ni Kondo. Ẹni tó ń ṣe é ni requin fúnra rẹ̀. Ní apá kìíní, ó ń ṣọ́ etí òkun lójú àwọn ọkọ̀ ogun. Ní apá kejì, a mú un gba ojú odò lọ sókè, kí ó lè fetí sí ohun tí àwọn abúlé tí ogun kó ń sọ nípa rẹ̀. Kò lè parí eré náà bí kò bá gbọ́ ti ìhà méjèèjì.

Ta ni yóò ṣe wọ́n?

Ẹnikẹ́ni lè sọ pé owó àti ẹ̀rọ kò sí. Òtítọ́ ni pé iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ṣe é. Ní 2014, àwọn Iñupiat ti Alaska fi ìtàn àwọn àgbà wọn ṣe Never Alone, pẹ̀lú àwọn àgbà náà nídìí iṣẹ́. Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ Maliyo ti ń ṣe eré láti 2012. Ní Yaoundé, ilé-iṣẹ́ Kiro'o ti Olivier Madiba gbé Aurion jáde ní 2016.

Ìdí mìíràn wà tí kò fi yẹ kí a fi falẹ̀. Òfin tó dáàbò bo òǹkọ̀wé kì í dáàbò bo èrò inú eré. Àwọn ọ̀dọ́ Vlambeer ní Netherlands mọ èyí: ní 2011, ẹlòmíràn gbé eré kan tó jọ tiwọn jáde kí wọ́n tó parí Ridiculous Fishing tiwọn, tó jáde ní 2013. Bí àwa kò bá sọ ìtàn àkájà àti hwedo, ẹlòmíràn lè sọ ọ́ lọ́jọ́ kan, kí ó sì yọ èèwọ̀ rẹ̀ kúrò nítorí pé kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ọ̀ràn ọ̀wọ̀ sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí àgbà bá sọ ni ó ṣe é fi ṣeré. Ibi tí onísìn bá ní kí a dúró, ibẹ̀ ni kí a dúró. Eré tó kọ́ ọmọ láti tọrọ àyè kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a ṣe láìtọrọ àyè.

Àwọn àgbà wa ní tútù ni a ń ká ẹja. Bí ó bá gbẹ tán, kíkán ni yóò kán. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọmọ mu, ó sì bá ìtàn mu. Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ pé nígbà ìsinmi tó ń bọ̀, kí ẹ lọ bá ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà tó mọ odò, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ni ó ni omi náà? Ọjọ́ wo ni a kì í wọ̀ ọ́? Báwo ni ẹ ṣe ń pín ẹja? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ sì kọ ọ́ ní Faransé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹfun ya odò sílẹ̀, ẹ fi ọmọ ayò ṣe ẹja, kí ẹ dán òfin náà wò láàárín ara yín. Ẹ̀rọ lè dé lẹ́yìn.