Apàṣẹwàá

Inú "pa àṣẹ" àti "wàá" ni a ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí. Apàṣẹwàá ni alákòóso tó ń dá àṣẹ pa: kì í gba àmọ̀ràn, kò sì sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò. Òdìkejì ìjọba rẹ̀ ni ìjọba àwa-ara-wa.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ológun nìkan ni orúkọ yìí yẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbò náà lè bí apàṣẹwàá. Láti 1958 ni Fẹnẹsúẹ́là ti ń dìbò yan olórí. Ní 1998, wọ́n yan Hugo Chávez. Ní 2004, àwọn aṣòfin tirẹ̀ fi adájọ́ 12 kún 20 tó wà ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 2009, wọ́n mú gbèdéke sáà ààrẹ kúrò. Nígbà tí àwọn alátakò borí nínú ìbò aṣòfin ní 2015, lábẹ́ Nicolás Maduro tó rọ́pò Chávez, ilé ẹjọ́ yẹn ló ń wọ́gi lé òfin wọn.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ká má dúró de ìró ìbọn ká tó pe apàṣẹwàá lórúkọ rẹ̀.