Omi Kànga àti Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Omi ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ní ọdún 1915, ìlú Èkó ni ìjọba amúnisìn fà á lọ, tí ó fi jẹ́ pé kànga àti odò ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n di ara Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1967, gbára lé fún ìgbà pípẹ́. Níbi tí ṣáláńgá bá ti sún mọ́ kànga, tí àgbàrá òjò sì ń wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ni ibà jẹ̀funjẹ̀fun, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí táífọ́ọ̀dù, ti ń rí ọ̀nà wọ ìfun. Láìmọ ìtàn omi yìí, kò sí bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ó ti di àṣà níbẹ̀ ṣe lè yé ènìyàn.

Ní 1880 ni Karl Joseph Eberth ará Jámánì ṣàpèjúwe kòkòrò tí ó ń fa àìsàn náà. Ní 1896, Max von Gruber àti Herbert Durham ní Vienna kíyè sí i pé omi ara ẹ̀jẹ̀, ìyẹn omi gaara tí ó ń yọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì, lè mú kí kòkòrò ṣùjọ. Ní ọdún kan náà ni Fernand Widal ní Paris fi èyí dá aláìsàn táífọ́ọ̀dù mọ̀. Ohun tí ó ń ṣù wọ́n jọ ni áńtíbọ́dì, èròjà tí ara ń ṣe láti fi bá kòkòrò tí ó ti bá pàdé jà. Wọ́n á máa la omi ara ẹ̀jẹ̀ náà ní ìlọ́po méjì méjì, láti 1:20 dé 1:40, 1:80, 1:160, ibi tí ìṣùjọ bá sì parí sí ni nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sínú ìwé.

Nọ́ńbà yìí gan-an ni ó ń ṣini lọ́nà. Ẹni tí ó ti ń mu omi kànga láti kékeré lè ní áńtíbọ́dì lára láìṣàìsàn, ibà tí ẹ̀fọn ń fà lè gbé nọ́ńbà náà sókè, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí táífọ́ọ̀dù ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lè má tíì ní in tó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí ìlànà fi ní kí a gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ 10 sí 14 wà láàárín wọn, kí a sì wò ó bóyá nọ́ńbà kejì tó ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Èyí tí ó dára jù ni kí a gbin ẹ̀jẹ̀ náà títí kòkòrò fúnra rẹ̀ yóò fi hù. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sábà ń gbà á ní Nàìjíríà kí wọ́n tó fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò, ó sì dunni pé irú ìlòkulò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó sọ Chloramphenicol, tí wọ́n ti ń fi wo táífọ́ọ̀dù láti 1948, di aláìlágbára. Nọ́ńbà gíga lára ẹni tí ara rẹ̀ le ní Ẹ̀pẹ́ ń jẹ́rìí sí omi tí ó ti mu sẹ́yìn, kì í ṣe sí àìsàn.

Ọ̀rọ̀ onígbáméjì yàtọ̀. Nígbà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024, tí Ìkòròdú sì wà lára àwọn agbègbè tí ó kàn, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni a lè fi dá a mọ̀ bí kò ṣe ìgbẹ́, nítorí pé omi lè tán lára aláìsàn láàárín wákàtí díẹ̀, kí ara rẹ̀ tó ráyè ṣe áńtíbọ́dì kankan. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ bá ti rọlẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń wúlò, nítorí pé ó lè fi àwọn tí wọ́n kó àrùn náà láìmọ̀ hàn, àti àwọn àdúgbò tí omi wọn ti bàjẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fura sí.