Ọwọ́ kan etí, etí kò gbọ́: Ìbàdàn àti ọmọ olóye tí ilé-ìwé pè ní olódo

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́, ìdánwò kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ọmọ ní láti yege kí wọ́n tó wọlé. Olùkọ́ a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn án ti tó ọmọ ilé-ìwé. Ẹni tí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ jẹun sí i. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà kò ju nǹkan bí 450,000 lọ. Lọ́dún 1955 wọ́n ti lé ní 800,000. Ní Oríta-mẹ́rin, ní Bẹẹrẹ, ní Bẹyẹrúnká, àwọn òbí tí kò mọ̀wé rí kó ọmọ jáde láti inú agboolé. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bu iyì rẹ̀ kù.

Ṣùgbọ́n bóyá ọwọ́ kan etí ni ìdánwò náà ń wò. Kò bèèrè bóyá etí ọ̀hún ń gbọ́ràn. Ọmọ tí yírùnyírùn tàbí èéyi ti gba ìgbọ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀ lè wọlé, kó jókòó sẹ́yìn kíláàsì tí èrò kún fọ́fọ́, kó máa wo ẹnu olùkọ́ bí ẹni ń wo ògiri. Kí ọdún tó yí po, wọ́n á ti sọ ọ́ ní olódo. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kan náà lè máa bá ìyá rẹ̀ tajà ní Ọjà'ba, kó mọ iye tó yẹ kó dá padà fún oníbàárà, kó mọ ẹni tó jẹ gbèsè àti ẹni tí kò jẹ. Yorùbá mọ̀ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní làákàyè. Wọ́n a ní kí a má fi ẹni òrìṣà ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ a sì gbà á, nítorí pé ojú ni a fi ń kọ́ aṣọ híhun àti iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ju etí lọ. (Kí á má purọ́: èébú náà kò wọ́n láàárín ìlú, “odi” kì í ṣe orúkọ tí ẹnikẹ́ni ń fi ayọ̀ jẹ́.) Ilé-ìwé gan-an ni kò ní àyè fún un.

Ẹni tó wá gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní Ìbàdàn jẹ́ adití fúnra rẹ̀. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ni wọ́n bí ní ìpínlẹ̀ Alabama lọ́dún 1925. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí yírùnyírùn di í létí. Ó kúrò lọ sí Detroit, ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń kàwé, títí ó fi gba ìwé-ẹ̀rí girama nípasẹ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, kọ̀ ọ́ léraléra nítorí àwọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Lọ́dún 1954 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè B.A. níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ nítorí etí, tí wọ́n tún tì í mọ́ nítorí àwọ̀, kì í ṣe ẹni tí aláṣẹ kan lè fi ọ̀rọ̀ dídùn lé padà.

Wọ́n sì gbìyànjú. Nígbà tó dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1957, àwọn míṣọ́nnárì kan sọ fún un pé kò sí ọmọ adití níbẹ̀. Foster wá wọn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Accra nínú yàrá ìkàwé tí wọ́n yá a, lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ni ín bá ti lọ sílé. Lọ́dún 1960, ọdún òmìnira, ó dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, èyí kò sì kéré. Láti ìgbà ìpàdé Milan ti ọdún 1880 ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ àgbáyé ti fara mọ́ ọn pé ẹnu nìkan ni kí wọ́n fi kọ́ adití, kó máa wo ètè, kó máa tiraka láti sọ̀rọ̀. Ọmọ tó lè lóye ìṣirò tó le á lo ọdún púpọ̀ kó tó lè pe orúkọ ara rẹ̀ kó já geere, orúkọ yẹn ni wọ́n á sì fi díwọ̀n ọgbọ́n rẹ̀. Foster kò dúró de ẹnu. Ó fún ọmọ ní èdè tí ojú lè gbà, ó sì fi èdè náà kọ́ ọ ní ìwé. Ó tún fi àwọn adití ṣe olùkọ́, kí ọmọ lè rí àgbàlagbà tó dàbí rẹ̀ tó dúró níwájú kíláàsì.

Ìbàdàn di ibùdó. Àwọn olùkọ́ láti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ń wá síbẹ̀ láti gba ẹ̀kọ́, ìdí nìyẹn tí èdè ọwọ́ àwọn adití ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀ fi jọ ti Amẹ́ríkà ju ti Faransé lọ. Ilé-ìwé tí Foster dá sílẹ̀ lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè 13. Ọkọ̀ òfuurufú tó já ní Rwanda ní oṣù Kejìlá ọdún 1987 ló pa á.

Adití ṣì sàn láàárín àwọn tí olùkọ́ ń ṣì mọ̀, nítorí pé bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan á ṣàkíyèsí pé kò gbọ́. Ti ọmọ tí etí rẹ̀ ń gbọ́, tí ojú rẹ̀ ń ríran, àmọ́ tí ìwé kò yé e, ló ṣòro jù. Lọ́dún 1896, oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, W. Pringle Morgan, kọ̀wé nípa Percy, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọmọ náà jáfáfá, ó mọ ìṣirò, ṣùgbọ́n kò lè ka ọ̀rọ̀ kéékèèké. Kódà “Precy” ló kọ nígbà tó fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ sọ pé òun ni ìbá mú ọpọlọ jù ní ilé-ìwé náà bó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni. Kí wọ́n wá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sínú èdè tí àmì orí ọ̀rọ̀ nìkan ya igbá kúrò lára igba.

Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe sílẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979. Lọ́dún 1977, Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè jáde, wọ́n sì dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ìlànà náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tún un ṣe lẹ́yìn náà, fi àwọn aláìlera àti àwọn ọmọ tí ẹ̀bùn wọn tayọ sí abẹ́ orí kan náà, lábẹ́ ẹ̀kọ́ àkànṣe. Lórí ìwé, ilé kan ni wọ́n ń gbé. Ní ti ìṣe, ọ̀nà wọn pín: ilé-ìwé àkànṣe fún ti àkọ́kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Suleja, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1990, fún ti èkejì. Ìdánwò oníwèé ni ilẹ̀kùn Suleja. Ọmọ tó ní ẹ̀bùn, tó tún ní ìṣòro ìwé kíkà, á dúró sí ẹnu ọ̀nà náà bí àwọn ti 1955 ṣe dúró, ọwọ́ á kan etí, wọn ò sì ní mọ ohun tó ń ṣe é.

Òfin oṣù kìíní ọdún 2019 lòdì sí yíya aláìlera sọ́tọ̀ fún un ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé girama. Láti ọdún 2017 ni JAMB ti ń ṣètò ìdánwò lọ́tọ̀ fún àwọn afọ́jú. Láàárín òfin yẹn àti kíláàsì kan ní Oríta-mẹ́rin, òbí ló kù. Ìyá tó bá wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà kò ní láti bèèrè ohun ìyanu: kí wọ́n ka ìbéèrè sétí ọmọ náà, kí wọ́n jẹ́ kó fi ẹnu dáhùn, kí wọ́n fún un ní àkókò díẹ̀ sí i. Ohun tí olùkọ́ Percy ti rí nìyẹn láti ọdún 1896.