Òórùn Nínú Ìgbé Ayé Ènìyàn

Èròjà tín-ín-tìn-tín tó ń ti ara oúnjẹ, òdòdó tàbí èéfín jáde ni òórùn. Ó ń bá èémí wọ imú, ó sì ń kan àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lókè pátápátá nínú ihò imú. Ní 1991, Linda Buck àti Richard Axel gbé àwárí wọn jáde lórí àwọn jíìnì tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí lè gba òórùn. Iṣẹ́ náà ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2004. Irú olùgba òórùn tó ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn tó nǹkan bí 400.

Paul Broca, oníṣègùn ará Faransé ní ọ̀rúndún 19, rí i pé apá ọpọlọ tó wà fún òórùn kéré lára ènìyàn, ó sì ka ènìyàn mọ́ ẹ̀dá tí imú rẹ̀ kò lágbára. Èrò yìí pẹ́ nínú ìwé ẹ̀kọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ní 2017 ni John McGann kọ àpilẹ̀kọ sínú ìwé àtìgbàdégbà Science láti fi hàn pé kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Oúnjẹ ni agbára imú ti hàn jù. Iyọ̀, adùn ṣúgà, kíkan, kíkorò àti adùn omi ẹran ni ahọ́n mọ̀. Títa ata kò sí lára wọn, nítorí ìrora ni ọpọlọ kà á sí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun yòókù tí ènìyàn ń pè ní adùn ọbẹ̀, imú ló ń gbọ́ ọ: bí òkèlè bá ti wà lẹ́nu, òórùn rẹ̀ á gba ẹ̀yìn ọ̀fun gòkè. Ẹni tí ọ̀fìnkìn dí nímú lè jẹ ẹ̀gúsí tí wọ́n fi irú sè dáadáa, kó má mọ̀ ju iyọ̀ àti ata lọ. Irú yìí kan náà, tó ń mú kí itọ́ yọ lẹ́nu ẹni tó bá a dàgbà, lè lé àlejò jáde nílé ìdáná. Inú oyún pàápàá ni ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ òórùn tí yóò fẹ́ràn. Benoist Schaal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2000 pé òórùn anise, irúgbìn olóòórùn dídùn kan, máa ń fa ọmọ tuntun mọ́ra bí ìyá rẹ̀ bá ti ń jẹ ẹ́ nígbà tó wà nínú oyún.

Ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ ń kọ́kọ́ gba thalamus kọjá nínú ọpọlọ. Ti òórùn kì í yà síbẹ̀ kó tó dé agbègbè amygdala, níbi tí ìbẹ̀rù àti ìmọ̀lára mìíràn ti ń ru sókè, tí kò sì jìnnà sí hippocampus tó ń ṣiṣẹ́ ìrántí. Ìrántí tí òórùn bá jí sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà èwe, ó sì máa ń wọni lára ju èyí tí ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán jí lọ.

Imú tún ń ṣọ́ ẹ̀mí. Gáàsì ìdáná kò ní òórùn fúnra rẹ̀. Ní 1937, gáàsì tó jò láìsí ẹni tó fura bú gbàmù nílé ẹ̀kọ́ kan ní New London, ní Texas. Ó pa nǹkan bí 300 ènìyàn, ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn èyí ni òfin sọ ọ́ di dandan níbẹ̀ pé kí wọ́n po èròjà olóòórùn burúkú mọ́ gáàsì, bí wọ́n ti ń ṣe sí gáàsì ìdáná títí di òní.

Nígbà tí àrùn COVID-19 tàn káyé ní 2020, àìmọye ènìyàn ni kò gbóòórùn mọ́. Oúnjẹ tẹ́ lẹ́nu wọn, ọ̀pọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sorí kọ́. Àìgbóòórùn tún lè ṣáájú gbígbọ̀n ọwọ́ tí àrùn Parkinson ń fà, fún ọdún púpọ̀, síbẹ̀ ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n yẹ imú wò nílé ìwòsàn bí wọ́n ti ń yẹ ojú àti etí wò. Ní 2009, Thomas Hummel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ní kí àwọn tí kò gbóòórùn dáadáa mọ́ máa fín òórùn róòsì, lemon, kànáfùrù àti eucalyptus láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 12. Agbára imú àwọn kan nínú wọn sunwọ̀n sí i.