Ubuntu: Bí Ó Ṣe Ń Jáde àti Ìgbà Tí Ìtọ́jú Rẹ̀ Ń Dópin

Ubuntu jẹ́ ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó dúró lórí Linux. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè tú inú rẹ̀ wò, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíràn. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà tó ta ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Thawte, fún VeriSign lọ́dún 1999, ló dá Canonical sílẹ̀ lọ́dún 2004 láti máa bójú tó o. Ara Debian, tó ti wà láti 1993, ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ̀dà àkọ́kọ́, 4.10, jáde ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2004.

Nọ́ńbà ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ìgbà tó jáde: ọdún ló ṣáájú, oṣù ló tẹ̀ lé e. Oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá ni wọ́n yàn. Lọ́dún 2006, iṣẹ́ kò tíì dán tó lójú wọn, wọ́n sún un síwájú, ni 6.04 bá di 6.06. Ẹ̀dà yìí ni LTS àkọ́kọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣèlérí láti tọ́jú pẹ́: ọdún mẹ́ta fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ọdún márùn-ún fún sáfà. Láti orí 12.04, ọdún márùn-ún ni fún méjèèjì. Ọdún méjì-méjì ni LTS ń jáde láti 2008. Àwọn ẹ̀dà àárín ń gba ìtọ́jú oṣù méjìdínlógún tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 13.04, oṣù mẹ́sàn-án péré ni. Ẹni tó kàn fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ kò ní ohun tí yóò fi wọ́n ṣe.

Bí ìtọ́jú bá parí, kọ̀ǹpútà kò ní kú. Yóò tan bó ṣe ń tàn lánàá, lẹ́tà yóò sì ṣeé tẹ̀. Èyí gan-an ló ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ihò tuntun tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tí yóò dí i mọ́. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún 18.04 parí lọ́dún 2023, ti 20.04 lọ́dún 2025, ti 22.04 yóò dé 2027, ti 24.04 yóò sì dé 2029. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún Ubuntu Pro ń rí ọdún márùn-ún gbà sí i, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà tí kò ju márùn-ún lọ.

Títí di 2011, Canonical ń fi àwo CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, níbikíbi láyé. Gbogbo ètò náà gba orí CD kan nígbà náà. Ti 24.04 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábáìtì mẹ́fà, ọ̀rọ̀ owó dátà sì ni fún ẹni tó wà ní ìlú kékeré bí Ilemọna. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó jẹ́ bíìtì 32 tilẹ̀ ti já kúrò lọ́nà láti ìgbà 19.10, ṣùgbọ́n Debian 12 ṣì gbà á.

Ìlérí ìtọ́jú kò ju ẹni tó ṣe é lọ. Lọ́dún 2007, wọ́n ṣètò láti fi Mandriva, Linux tí ilé-iṣẹ́ Faransé kan ń ṣe, sórí kọ̀ǹpútà kékeré Classmate 17,000 fún àwọn ọmọ ilé-ìwé Nàìjíríà. Ariwo sọ nígbà tí ìròyìn jáde pé wọ́n fẹ́ fi Windows rọ́pò rẹ̀, olórí ilé-iṣẹ́ náà sì kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá sílé, lọ́dún 2015. Ṣùgbọ́n nítorí pé kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi dá Mageia sílẹ̀ láti 2010. Lójú tèmi, èyí ju ìlérí ọdún mẹ́wàá lọ.

 

Ẹ tẹ lsb_release -a sínú Terminal láti mọ ẹ̀dà Ubuntu tí ẹ ń lò. Bó bá jẹ́ 20.04, ẹ kó fáìlì yín pamọ́ sórí fúláàṣì, kí ẹ gba orí 22.04 kọjá sí 24.04, nítorí kò sí fífò láti LTS kan dé ìkẹta.