Ilé Lókè, Ìsọ̀ Nísàlẹ̀: Ìtàn Àṣẹ Ìlò Ilẹ̀ láti Èkó dé Bétérou

Bétérou jẹ́ ọ̀kan nínú arrondissement méje tó para pọ̀ di kọmúùnù Tchaourou, ní ẹkùn Borgou lórílẹ̀-èdè Benin. Odò Ouémé ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí gúúsù. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀ lónìí, kí bùtíìkì mẹ́ta wà nísàlẹ̀, kí òun àti ẹbí rẹ̀ máa gbé òkè, ó gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe di ohun tí à ń tọrọ àṣẹ fún ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ, torí ìgbà kan wà tí kò sẹ́ni tó ń tọrọ rẹ̀.

Nínú agbo ilé Yorùbá, ibi tí wọ́n ń gbé náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Aláró ń rẹ aṣọ lẹ́yìnkùlé, ahunṣọ na òfì rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àtẹ ìyá àgbà sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí àwọn Àgùdà bẹ̀rẹ̀ sí í ti Brazil padà sí Èkó, Àjàṣẹ́ àti Ouidah ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n mú ọgbọ́n ìkọ́lé tuntun dé, ṣùgbọ́n wọn ò ya òwò kúrò nínú ilé. João Esan da Rocha gbẹ́ kànga sínú ilé rẹ̀ ní òpópónà Kakawa ní Èkó, ó sì ń ta omi rẹ̀ fún ará ìlú. Water House ni wọ́n ń pe ilé náà títí di òní. Ilé àwọn Fernandez tó wà ní Tinúbú, tí a wá mọ̀ sí Ilojo Bar, ilé ọtí ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o palẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi òfin ya ilé gbígbé sọ́tọ̀ ní ìdí tiwọn. Ìlú Frankfurt ní Jámánì ti pín ilẹ̀ rẹ̀ sí ìsọ̀rí ní 1891. New York ṣe tiẹ̀ ní 1916, lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ Equitable Building, ilé gàgàrà tí òjìji rẹ̀ bo àwọn òpópónà tó yí i ká, àti lẹ́yìn tí àwọn olówò Fifth Avenue kígbe pé àwọn iléeṣẹ́ aránṣọ ń ya wọ àdúgbò àwọn. Wọ́n pín ìlú sí ọ̀nà mẹ́ta: ilẹ̀ ìgbé, ilẹ̀ òwò, àti ilẹ̀ tí kò ní ààlà. Àwọn tó kọ òfin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ kan lè ṣe wọ́gọwọ̀gọ tàbí kó há sí kọ̀rọ̀ débi pé òfin á pa olówó rẹ̀ lára ju bó ti yẹ lọ, wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí onílẹ̀ lè lọ rojọ́ níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyọ̀ǹda àrà ọ̀tọ̀, ìyẹn àṣẹ pé kí òfin náà má de ilẹ̀ kan pátápátá, ti bẹ̀rẹ̀. Olùbẹ̀bẹ̀ ní láti fi hàn pé ìṣòro náà wà lára ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe pé òun ń wá èrè sí i. Wọ́n á kéde fún àwọn ará àdúgbò, ẹni tí kò bá fẹ́ sì lè dìde kó wí tẹnu rẹ̀.

Ní 1926, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ ìlú Euclid ní Ohio. Adájọ́ tó kọ ìdájọ́ náà fi ilé alágbàágbé tó wà láàárín ilé àdágbé wé àfòmọ́. Ẹni tó bá ti rí Ìsàlẹ̀ Èkó rí á mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yẹn kò lè jáde lẹ́nu ọmọ ibẹ̀.

Ní Èkó, àrùn ló gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ wọlé. Àjàkálẹ̀ tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní 1924, ìjọba àmúnisìn sì dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928 láti wó àwọn àdúgbò tó há, kí wọ́n tún wọn tò. Ní 1955 ni iṣẹ́ wíwó àárín Èkó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Omi wà níbẹ̀, ojú ọ̀nà gbòòrò, atẹ́gùn ń fẹ́. Èwo ló wá kù? Oníbàárà ni. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, bá àwọn ìdílé náà sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, Family and Social Change in an African City, jáde ní 1961. Ohun tó rí ni pé òwò ọ̀pọ̀ obìnrin bà jẹ́ lẹ́yìn ìkólọ. Obìnrin tó jẹ́ pé bó bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ni èrò ọjà ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó di ẹni tó ń dá jókòó ní òpópónà tí ẹsẹ̀ kì í gbà. Bó bá ní kí òun padà lọ tajà ní ìdí àtijọ́, owó mọ́tò á jẹ èrè rẹ̀ tán. Àwọn tó ya àwòrán Sùúrùlérè ka yàrá, wọn ò ka àtẹ ẹnu ọ̀nà mọ́ ara ilé, mo sì gbà pé àṣìṣe yìí wọ́n ju biríkì àti símẹ́ǹtì tí wọ́n rà lọ.

Lọ́dún 1961 yìí kan náà ni Jane Jacobs tẹ ìwé tirẹ̀ jáde ní New York, tó ń sọ pé òpópónà tí ilé àti ìsọ̀ ti dà pọ̀ mọ́ra ló ń ní ojú tó ń ṣọ́ ọ. Òun di gbajúmọ̀ láàárín àwọn ayàwòrán ìlú káàkiri ayé. Ìwé Marris, tó jẹ́ ẹ̀rí láti ilẹ̀ wa, kò lókìkí tó bẹ́ẹ̀.

Òfin kò tìtorí ìyẹn dúró. Ní Nàìjíríà, Àṣẹ Ìlò Ilẹ̀ ti oṣù Kẹta 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà rẹ̀. Òfin ìṣètò ìlú ti ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e ní 1992. Ní 2003, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Nàìjíríà dá a pé ti ìpínlẹ̀ ni ìṣètò ìlú, Èkó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 2010. Ní báyìí, ẹni tó fẹ́ sọ ilé gbígbé di ìsọ̀ gbọ́dọ̀ tọrọ ìyípadà ìlò, kó sì fi ibi tí ọkọ̀ máa dúró sí hàn. Ẹni tí kò tọrọ ń retí àmì ọ̀dà pupa ìjọba lára ògiri. Síbẹ̀, Victoria Island tí wọ́n tò fún ìgbé ti di ti báńkì àti ilé oúnjẹ, torí òwò ti dé ibẹ̀ kí ìwé tó dé.

Ọ̀nà mìíràn ni Dahomey, tí à ń pè ní Benin lónìí, gbà. Ìwé orúkọ ilẹ̀ ni àwọn Faransé fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ ti 1906 àti ti 1932. Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje 1960, tó ku díẹ̀ kí òmìnira dé, wọ́n ṣe òfin permis d'habiter: ẹni tó gba ìwé yìí lè máa gbé orí ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò di tirẹ̀, ìjọba sì lè gbà á padà. Òfin ohun ìní ilẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1965. Òfin 2013 ló palẹ̀ méjèèjì mọ́, wọ́n sì tún un ṣe ní 2017.

Ní Benin, lotissement, ìyẹn wíwọn ilẹ̀ àti pípín in, ló ń pinnu ohun púpọ̀ nínú èyí tí ìgbìmọ̀ olùgbọ́ ẹ̀bẹ̀ ń pinnu ní Amẹ́ríkà. Àwọn awọnlẹ̀ á dé, wọ́n á ka ẹni tó ní ibì kan, wọ́n á ri òpó kékeré mọ́lẹ̀, wọ́n á gé lára ilẹ̀ olúkúlùkù fún ọ̀nà, fún ilé ẹ̀kọ́, fún ọjà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín ohun tó kù padà. Ẹni tó wà lójú títì tẹ́lẹ̀ lè bá ara rẹ̀ nínú kọ̀rọ̀, kí bùtíìkì tó ń rò nínú ọkàn sì di yàrá lásán. Ọjọ́ tí wọ́n ń ka ilẹ̀ ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ti pín in tán, ẹjọ́ ló kù, ẹjọ́ ilẹ̀ kì í sì í tètè parí.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní ìgbèríko bíi Bétérou ṣì jẹ́ ti àjogúnbá. Òfin 2013 fàyè gba ẹni bẹ́ẹ̀ láti gba ìwé ẹ̀rí pé òun ni àṣà ìbílẹ̀ mọ̀ ní onílẹ̀, ìgbìmọ̀ ilẹ̀ abúlé sì ní ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé ńkọ́? Ọwọ́ kọmúùnù ló wà láti ìgbà tí òfin ti 1999 ti fún àwọn kọmúùnù lágbára, tí àwọn maire tí ìgbìmọ̀ kọmúùnù dìbò yàn sì gorí àlééfà ní 2003. Fún ọmọ Bétérou, mairie Tchaourou nìyẹn. Àwòrán ilé ló máa mú lọ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀, àwòrán náà ló sì yẹ kó fi hàn kedere pé ìsọ̀ ni ìsàlẹ̀. Mi ò gba ti àwọn tó ń kọ “ilé gbígbé” sínú ìwé, tí wọ́n á wá fọ́ ògiri iwájú fún ìsọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì.

Apá ilẹ̀ kan wà tí àwòrán kò lè ràn lọ́wọ́. Àṣẹ ti 1928 lórí ilẹ̀ ìjọba ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà Faransé fi mítà 25 ní etí méjèèjì odò tí ọkọ̀ ojú omi lè gbà, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ń dé nígbà tó bá kún, sábẹ́ ìjọba. Òfin 2013 náà ka etí odò mọ́ ilẹ̀ gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ìsọ̀ rẹ̀ sún mọ́ Ouémé, kó wọn ilẹ̀ náà kó tó ra símẹ́ǹtì.